Ọjọ́ Kan Láàárín Oko Àjàrà Cape Town: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Amọ̀nà Tiyín

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Cape Town, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará ilé ń bi mí. "Ẹ̀gbọ́n, a ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, a fẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Ṣé ká háyà mọ́tò ká máa wà á fúnra wa ni, àbí ká gba ẹni tó máa gbé wa kiri?"

Bí owó bá ká a, ẹ gba amọ̀nà tó ní mọ́tò tirẹ̀, tó máa jẹ́ tiyín nìkan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òfin Gúúsù Áfíríkà kò gbà kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó gíráàmù 0.05 nínú mílílítà 100. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, 0.02 ni. Oko kan péré lè mú yín kọjá ààlà yẹn, kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti mu nǹkan kan.

Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ ṣe rèé, bó ṣe tẹ̀ léra.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni: ẹ yan apá tí ẹ máa lọ

Agbègbè náà tóbi. Àwọn tó máa ń kábàámọ̀ jù ni àwọn tó fẹ́ fi ọjọ́ kan rí gbogbo rẹ̀.

- Stellenbosch: bíi kìlómítà 50 sí Cape Town. Ibẹ̀ ni oko pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni wáìnì pupa ti dára jù lójú tèmi.
- Franschhoek: ó jìnnà jù ú lọ díẹ̀, wákàtí kan àti díẹ̀ ni ẹ máa lò lójú ọ̀nà. Àfonífojì ni, òkè yí i ká. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹun ọ̀sán.
- Paarl: bíi kìlómítà 60. Ó dára fún ẹni tó bá kó ọmọ dání. Oko Fairview wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé gogoro fún ewúrẹ́, tí àwọn ewúrẹ́ náà sì ń gun àtẹ̀gùn ẹ̀ lọ sókè. Wọ́n ń ṣe wàràkàṣì níbẹ̀ pẹ̀lú.
- Constantia: inú Cape Town gan-an ló wà. Bí ẹ kò bá ní ju ìdajì ọjọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Apá méjì ni kí ẹ mú, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo máa ń sọ fún àlejò àkọ́kọ́ ni Stellenbosch láàárọ̀, Franschhoek lọ́sàn-án. Ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ gba orí òkè Helshoogte. Oko Tokara àti Delaire Graff kọjú síra wọn lókè níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, ẹ máa kọjá abúlé Pniel, ẹ ó sì kan oko Boschendal kí ẹ tó wọ Franschhoek. Ẹ ní kí amọ̀nà dúró lókè yẹn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà àjàrà máa tò lọ nísàlẹ̀ bí irun tí wọ́n di kọ́lẹ́sẹ̀, òkè á sì dúró lẹ́yìn wọn.

Ìgbà wo ló dára jù?

Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò bá tilé mu. Dìsẹ́ḿbà sí Fẹ́búárì ni oòrùn wọn, Júùnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì ni òjò àti òtútù.

Ìkórè máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Jánúárì, ó sì lè wọ Épírì. Bí ẹ bá fẹ́ rí katakata tó ń kó èso àjàrà wọlé, tí òórùn èso tó ń hó gba gbogbo ọgbà, Fẹ́búárì tàbí Máàṣì ni kí ẹ wá. Ẹ mọ̀ pé èrò máa pọ̀. Ní Júláì, igi àjàrà ti já ewé sílẹ̀, ó dúró ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n wọ́n á dáná sínú ilé ìtọ́wò, níbi tí àlejò ti ń tọ́ wáìnì wò, ẹ ó sì ráyè bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Èmi fẹ́ràn ìgbà òtútù yẹn gan-an.

Ọjọ́ Tuesday sí Thursday ló rọgbọ jù. Àwọn oko kan kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, nítorí náà, ẹ bèèrè.

Bí ẹ ṣe máa yan amọ̀nà

1. Ẹ wá ẹni mẹ́ta, kí ẹ bèèrè owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ bèèrè bóyá iye orí ni wọ́n fi ń gba owó tàbí iye mọ́tò. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, owó mọ́tò sábà máa ń rọrùn ju owó orí lọ.
2. Ẹ bèèrè káàdì. Òfin ibẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí amọ̀nà tó ń gba owó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ó máa ń ní káàdì àti báàjì. Ẹni tó ní in kò ní bínú pé ẹ bèèrè.
3. Ẹ bèèrè ìwé ọkọ̀. Ẹni tó ń gbé èrò gbọ́dọ̀ ní ìwé ìwakọ̀ tí wọ́n ń pè ní PrDP, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti máa kó èrò. Ẹ bèèrè bóyá ìnṣọ́ráǹsì wọn kan àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀.
4. Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú owó náà àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Owó ìtọ́wò ńkọ́? Oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́? Omi inú mọ́tò ńkọ́? Ibí yìí ni ìjà ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀.
5. Ẹ bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá pa ìrìn náà tì. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó san àsansílẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ káàdì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gba mọ́tò fún àwọn àbúrò ọkọ mi, mi ò bèèrè ohunkóhun, torí owó tí wọ́n pè dùn mọ́ mi. Ọkùnrin tó wá gbé wa mọ ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé oko kejì, ó jókòó tì wá, ó gba ife. Mo ń kà á: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tá a fẹ́ dìde, mo sọ fún un pé a ò ní bá a lọ mọ́. A wá mọ́tò mìíràn délé, owó tá a ti san sì wọgbó. Láti ọjọ́ yẹn, bí mi ò bá rí káàdì, mi ò sanwó.

Ohun tí ẹ máa kọ ránṣẹ́ sí i

Amọ̀nà tó dáa ò lè mọ ohun tí ẹ ò sọ fún un. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí i lórí WhatsApp:

- iye yín, àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ (ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ mutí níbẹ̀);
- ibi tí ẹ wọ̀ sí, àti aago tí ẹ fẹ́ padà;
- bóyá àgbàlagbà wà nínú yín tí orúnkún ń dùn, torí àtẹ̀gùn pọ̀ lọ sí àwọn yàrá àgbá tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì sí;
- ohun tí ẹ kì í jẹ. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú àwo tí wọ́n ń gbé wá pẹ̀lú wáìnì, ẹ má fi èyí pamọ́ bí ẹ̀sìn yín kò bá gbà á;
- irú ọtí tí ẹ fẹ́ràn. Bó bá jẹ́ pé èyí tó dùn nìkan ni ẹ máa ń mu, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú;
- oko kan tó wù yín jù. Kí amọ̀nà fúnra rẹ̀ yan ìyókù.

Kókó tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì. Amọ̀nà mọ oko tí èrò ọkọ̀ ńlá máa kún lọ́jọ́ náà, ó mọ oko kékeré tí ẹni tó ṣe wáìnì máa fúnra rẹ̀ jáde wá kí yín. Bí ẹ bá ti to oko márùn-ún lé e lọ́wọ́, ẹ ti sọ ọ́ di awakọ̀ lásán.

Oko mẹ́ta tó

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oko kan sábà máa ń bu oríṣi wáìnì márùn-ún sí mẹ́fà fún yín. Ká ní mílílítà 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ mẹ́fà, 180 nìyẹn. Oko mẹ́ta jẹ́ 540. Oko márùn-ún jẹ́ 900, odidi ìgò wáìnì kan kò sì ju 750 lọ. Ẹni tó bá lọ oko márùn-ún tó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì ti mu ju ìgò kan lọ kí oòrùn tó wọ̀. Kò ní rántí oko kẹrin, ó sì lè má fẹ́ rántí ìkarùn-ún.

Bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ

1. Aago 8:00. Ẹ jẹun gidi. Ẹyin, búrẹ́dì, ìrẹsì àná, ohun tó bá wà. Ẹ má fi inú òfìfo lọ.
2. Aago 9:00. Amọ̀nà gbé yín. Ẹ wo káàdì rẹ̀ kí ẹ tó wọlé.
3. Aago 10:15. Oko àkọ́kọ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú yín yí ká inú ọgbà àti yàrá àgbá, kí ẹ tó jókòó. Ojú ṣì mọ́ nígbà yẹn, ẹ ó gbọ́ àlàyé.
4. Aago 12:00. Ẹ gun Helshoogte. Oko kejì, níwọ̀nba.
5. Aago 1:30. Oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ti gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Wákàtí kan àbọ̀ ni kí ẹ fún un.
6. Aago 3:15. Oko kẹta. Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́wò máa ń tì láàárín aago 4 sí 5, ẹ má ṣe pẹ́ ju èyí lọ.
7. Aago 4:30. Ẹ máa bọ̀ nílé. Ọ̀nà máa ń dí bí ẹ bá ti ń súnmọ́ ìlú.

Lórí tábìlì ìtọ́wò

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn èèyàn wa jù. Ẹ má bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó ń dán yín wò.

Wọ́n máa to ife síwájú yín. Funfun ló máa ń ṣáájú, pupa á tẹ̀ lé e, èyí tó dùn ló máa gbẹ̀yìn. Ẹ má yí ètò yẹn padà, torí bí ẹ bá ti mu èyí tó dùn tán, ìyókù á kan lẹ́nu yín.

1. Ẹ di ife mú ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ooru ọwọ́ má baà gbóná mọ́ ọtí.
2. Ẹ gbé ife lé tábìlì, ẹ rọra fi yí po. Ọtí á gun ara ife, á sì máa ṣàn wálẹ̀.
3. Ẹ ti imú bọ̀ ọ́. Ohun tó bá wá sí yín lọ́kàn ni kí ẹ sọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbóòórùn wáìnì funfun kan, ó ní, "Àgbálùmọ̀ nìyí." Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bu ọtí fún wa kò mọ àgbálùmọ̀. Ó mú bébà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣàpèjúwe rẹ̀ fún òun: àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe ń kan tó tún ń dùn, oje rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ètè. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.
4. Ẹ fa díẹ̀ sẹ́nu, ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká kí ẹ tó gbé e mì.
5. Èyí tí ẹ ò fẹ́ mu tán, ẹ dà á sínú ìkòkò tó wà lórí tábìlì. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e síbẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀ láti tu ọtí sínú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n máa tu ọtí olówó nù lójú onílé?" Mo kọ́ ọ pé kó má tu, kó kàn da èyí tó kù nínú ife sílẹ̀. Ìyẹn rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nǹkan méjì ló máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu.

Èkíní, ọ̀pọ̀ wáìnì ibẹ̀ kò dùn. Ẹ rántí ẹmu. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ láàárọ̀ dùn bí oyin, àmọ́ tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, adùn á ti lọ, agbára á ti dé. Bí wáìnì náà ṣe rí nìyẹn: adùn inú èso ló di ọtí. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣì ní adùn, ẹ wo ara ìgò fún "Natural Sweet" tàbí "Noble Late Harvest", tàbí kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bu ọtí.

Èkejì, wáìnì pupa lè fún ahọ́n pọ̀, kí ẹnu gbẹ. Ẹni tó bá ti jẹ obì ti mọ bó ṣe máa ń rí. Ọtí náà kò bàjẹ́. Èèpo èso àti kóró rẹ̀ ló fà á, àgbá onígi náà sì ń dá kún un. Ẹ jẹ ẹran tàbí wàràkàṣì sí i, ẹ ó rí i pé ó máa rọ̀.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ máa bèèrè, ẹ bèèrè wáìnì pupa tí wọ́n ń pè ní Pinotage. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dá a sílẹ̀: ní 1925, Abraham Perold ti Yunifásítì Stellenbosch pa irú igi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, pọ̀ di irú tuntun. Fún funfun, ẹ bèèrè Chenin Blanc. Fún èyí tó ń hó, ẹ bèèrè Cap Classique, tí wọ́n ń jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kejì nínú ìgò, bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣáńpéènì.

Bí ẹnì kan nínú yín kò bá mutí

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ má sì ní kó dúró sílé. Ẹ sọ fún amọ̀nà kó fi oko Babylonstoren kún un, ọgbà ewébẹ̀ àti èso rẹ̀ nìkan tó fún wákàtí méjì. Owó ìwọlé wà níbẹ̀ o. Ní Tokara, wọ́n ń ṣe òróró ólífì. Àwọn oko kan máa ń fún ọmọdé àti ẹni tí kò mutí ní omi èso àjàrà tọ́ wò. Ẹ bèèrè, torí wọn kì í fi í lọ̀ yín.

Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

- Wíwọ bàtà gogoro. Òkúta wẹ́wẹ́ àti koríko ló pọ̀ nílẹ̀ oko.
- Fífín lọ́fínńdà tó le. Ẹ ò ní gbóòórùn ọtí, àwọn tó wà nítòsí yín náà ò ní gbọ́.
- Wíwá láìmú aṣọ òtútù. Yàrá àgbá tutù kódà nígbà oòrùn.
- Ríra páálí wáìnì ní oko àkọ́kọ́. Ẹ tọ́ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ná. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè: àwọn oko kan máa ń yọ owó ìtọ́wò kúrò bí ẹ bá ra ìgò.
- Gbígbàgbé ẹ̀bùn amọ̀nà. Ìdá mẹ́wàá owó ìrìn náà kò pọ̀ jù bó bá ṣe dáadáa, kó jẹ́ rand, owó ilẹ̀ náà, ní ọwọ́.

Bí owó amọ̀nà bá pọ̀ jù

- Tírámù Franschhoek. Ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, á máa gbé yín láti oko dé oko, ẹ ó máa bọ́ sílẹ̀ ẹ ó sì máa padà wọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọkọ̀ dé Franschhoek, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè gba àyè.
- Ìrìn àjò alápapọ̀. Ó dínwó, àmọ́ aago wọn lẹ máa tẹ̀ lé.
- Constantia pẹ̀lú Uber. Kò jìn, ọkọ̀ sì wà lálọ lábọ̀. Ẹ má ṣe gbìyànjú èyí lọ sí Stellenbosch tàbí Franschhoek láìní ètò ìpadàbọ̀. Alọ rọrùn, àmọ́ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, lẹ́nu géètì oko, ọkọ̀ lè ṣọ̀wọ́n.
- Ẹnì kan tí kò ní mu rárá. Apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ níbẹ̀. Ará London máa mọ̀ ọ́n, ará Èkó gbọ́dọ̀ fara balẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà: físà àti káàdì yẹ́lò ti ibà pọ́njú ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má sanwó fún amọ̀nà títí físà á fi jáde.

Bí ìgò ṣe máa délé láìfọ́

Ẹ má fi wáìnì sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Ẹ ní kí amọ̀nà gbé kúlà dání.

Nínú bàálù, inú ẹrù tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́ ni ìgò máa wà, torí ohun olómi tó ju mílílítà 100 kò gbọ́dọ̀ bá yín wọlé lọ́wọ́. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wé ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ kó o sí àárín àpótí, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń padà sí Ìlú Ọba lè kó lítà 18 wáìnì tí kò hó wọlé láìsan owó orí, bó bá ti pé ọdún 17. Amẹ́ríkà kò ju lítà kan lọ fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Ohun tó bá lé, ẹ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra yín.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí ìgò sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ṣí i. Ẹ fi sùn sílẹ̀ níbi tó tutù tí kò sí ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe orí fíríìjì, torí ooru máa ń wà níbẹ̀.